Ọyẹ́ Dé, Níbo Ni Ahun Yóò Wọ̀? Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Ẹran Afàyàfà Lásìkò Òtútù

Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti ní Ìlobùú tó múlé tì í, a kò mọ yìnyín, a kò sì mọ òtútù tí ń sọ omi odò di líle. Ọyẹ́ la mọ̀. Ní ìparí oṣù Kọkànlá tàbí nínú oṣù Kejìlá ló máa ń wọlé, ó sì lè bá wa gbé títí di oṣù Kejì. Ètè á máa là, gìgísẹ̀ á máa sán, àwọn ìyá á máa fi òrí pa ọmọ lára. Ènìyàn ń ráhùn, ewúrẹ́ ń húkọ́, adìẹ ń kó ara wọn jọ. Ẹni tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ahun tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé: èyí tí baba oníṣègùn ń sìn, èyí tí ọmọ kan gbé bọ̀ láti oko, èyí tí ẹni tó ń ta egbògi lọ́jà fi sínú agbọ̀n títí oníbàárà yóò fi dé. Kò lè ké, kò sì lè gbọ̀n kí ẹ rí i. Ìgbà tó bá kú lẹ́yìn ọyẹ́, wọ́n á ní ọjọ́ ló pé.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Àwọn ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ́nù tàbí Houston ń rí erè àti alángbá nínú àpótí onígíláàsì nílé ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì ń bẹ ìyá wọn pé kí ó ra tiwọn. Ìyá á figbe ta pé ejò kọ́ ni òun bá wá ìlú òyìnbó. Nígbà tí ó bá gbà tán, ìbéèrè tó kù ni ti òtútù. Báwo ni a ṣe ń mú ẹ̀dá tí a mú láti ilẹ̀ gbígbóná la oṣù mẹ́rin òtútù já láìṣàìsàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ni ìdáhùn, kí a ṣáà tan iná kí ibẹ̀ gbóná. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ahun àti erè, nílé àti lẹ́yìn odi, ń tọ́ka sí nǹkan kan tó ju ooru lọ: ihò. Ẹni tó bá mọ ohun tí ihò ń ṣe fún ẹran afàyàfà ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwa ènìyàn, oúnjẹ tí a jẹ ni ara wa ń sun láti fi móoru. Ahun, erè, alángbá àti ọ̀nì kò ní irú iná bẹ́ẹ̀ nínú ara wọn. Ibi tí wọ́n bá wà ni wọ́n ti ń gba ooru. Ẹ wo alángbá akọ lára ògiri ní àárọ̀ ọyẹ́. Aago mẹ́jọ lè lù kí ẹ má tíì rí i. Ìgbà tí oòrùn bá kan ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni yóò yọ orí láti inú ihò àjà. Ara rẹ̀ á ṣì dúdú, orí rẹ̀ á ṣì ṣú. Á tẹ́ ikùn pẹrẹsẹ mọ́ ògiri, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí ọmọdé bá sún mọ́ ọn, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló lè ṣe, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì yá. Bí oòrùn ṣe ń ràn án, àwọ̀ rẹ̀ á máa mọ́, orí á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í mirí, á lé akọ mìíràn kúrò ní àgbègbè rẹ̀. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán gangan tí ògiri yẹn ti gbóná jù, ẹ ò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Ó ti bọ́ sábẹ́ ibòji. Láti àárọ̀ di alẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yan láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù. Ẹran tí a tì mọ́ àpótí tàbí tí a so mọ́ òpó ti pàdánù yíyàn yẹn.

Òtútù kì í sì í kàn sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Erè tó gbé eku mì tí ara rẹ̀ wá tutù kò lè da eku náà nínú. Á máa jẹrà níkùn rẹ̀ títí yóò fi bì í. Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà náà á lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi wà lára ohun tí ń pa ẹran afàyàfà tí a ń sìn lásìkò òtútù. Ìfófòó á máa yọ nímú, ẹnu á máa là, mímí á máa dún hẹ̀hẹ̀, ahun á máa na ọrùn sókè kí ó tó lè mí. Ẹni tó bá rí èyí kò gbọdọ̀ fi àgbo ènìyàn dá an wò, kò sì gbọdọ̀ pín kápúsù tirẹ̀ fún un. Dókítà ẹranko ló nílò, ibi tó móoru ni kí ó sì wà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí oògùn kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ara tó tutù.

Ọyẹ́ tiwa wá ní ìwà tirẹ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń ti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá. Ìfọ́n wà níbi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó máa ń kàn wá lára ju àwọn ará etí òkun lọ. Ní òru, ooru lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 18°C tàbí kí ó tún dín sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, oòrùn lè gbé e kọjá 32°C. Ooru ọ̀sán yẹn tó ahun, ó tó erè. Ohun tí ń bá wọn jà ni ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín òru àti ọ̀sán, àti gbígbẹ afẹ́fẹ́. Ahun tí kò rí omi mu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọyẹ́, kíndìnrín rẹ̀ ló ń fi san án, òkúta sì lè dì sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ejò tí afẹ́fẹ́ gbẹ jù fún kì í lè bọ́ awọ rẹ̀ tán. Awọ á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó bo ojú á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni Ìfọ́n, ìgbín tí wọ́n fi ń bọ ọ́ kò sì ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣa ìgbín rí mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, á wọ abẹ́ ewé tàbí inú ilẹ̀, á fi itọ́ tó gbẹ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, á sì máa retí òjò. Ohun tí ahun ọ̀dàn wa ń ṣe kò jìnnà sí èyí. Irú ahun tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an ni èyí tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ láti fi bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ará igbó tútù. Kinixys nogueyi fẹ́ràn ọ̀dàn, ó sì máa ń fara pamọ́ sùn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Nítorí náà, bí ahun inú ilé yín bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù ní oṣù Kìíní tó sì ń fi orí wá abẹ́ nǹkan kiri, ó lè jẹ́ pé àṣà ìran rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹ wò ó bóyá imú rẹ̀ gbẹ, bóyá ojú rẹ̀ là, bóyá ó wúwo lọ́wọ́ yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ fún un níbi tí yóò fara pamọ́ sí.

Ihò ni mo ní kí a wò, ẹ sì jẹ́ ká wò ó. Ahun ńlá ti Sahel, Centrochelys sulcata, tí ó ń gbé ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Mali, Niger títí lọ dé Sudan, a máa wa ihò tó lè jìn ju mítà mẹ́ta lọ. Lókè, ilẹ̀ lè jó ẹsẹ̀ ní ọ̀sán, kí òtútù sì mú un lóru. Nísàlẹ̀, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀. Erè kékeré tí ń ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ẹ̀rù bá bà á, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python, kì í wa ihò fúnra rẹ̀. Ihò òkété àti inú ọ̀gán ló ń gbé. Àwọn tó ń dẹ ẹ́ ní Tógò àti Benin mọ èyí dáadáa: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi ọkọ́ gbẹ́ ihò, nítorí ibẹ̀ ni abo tó lóyún ti ń fara pamọ́. Ihò ń fún ẹran ní ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: ooru tí kì í yí padà ní kíákíá, ọ̀rinrin, òkùnkùn, àti ìdákẹ́jẹ́. Iná nìkan kò lè fún un ju ọ̀kan lọ.

Ìtàn Alágbà, ahun ààfin ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí Ìfọ́n, ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ ahun bá délẹ̀. Nígbà tó kú ní ààfin Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ààfin kéde pé ọdún 344 ló lò láyé, pé Ìsán Òkúmóyèdé, Ṣọ̀ún kẹta, ló gbé e wá sí ààfin. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gba iye ọdún náà gbọ́. Jonathan, ahun tó wà ní erékùṣù St Helena, tí wọ́n kà sí ẹranko orí ilẹ̀ tó dàgbà jù lọ láyé, nǹkan bí ọdún 1832 ni wọ́n fojú bù pé wọ́n pa á. Ní tèmi, àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí ti gba gbogbo àyè lọ́wọ́ ohun tó yẹ ká kọ́. Àwòrán Alágbà jọ ti ahun Sahel, àlejò ló jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ó la ọ̀pọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀pọ̀ òjò já láìsí ẹ̀rọ kankan. Kò sí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn nínú ọgbà ààfin, ó lè wá oòrùn, ó lè wá ibòji. Ìròyìn nígbà náà sì sọ pé Ọba Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, ní òṣìṣẹ́ méjì tó ń bójú tó o. Ènìyàn méjì tí ń wo ẹran kan lójoojúmọ́ á mọ̀ bí ara rẹ̀ bá yí padà.

Ẹ fi wé ahun kan ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Timothy ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abo ni wọ́n wá rí i pé ó jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlùfáà Gilbert White, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀dá inú abúlé náà jáde ní 1789, jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní 1780. Ó ń kọ bí Timothy ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní oṣù Kọkànlá títí yóò fi wọlé tán, àti bí ó ṣe ń jáde nígbà tí ilẹ̀ bá tún móoru ní oṣù Kẹrin. Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni irú ahun bẹ́ẹ̀ ti wá, níbi tí òtútù ti ń mú gidi. Fún irú wọn, oorun òtútù jẹ́ ara ayé wọn. Títí di òní, àwọn tó ń sìn wọ́n ní Ìlú Ọba ń mú wọn sùn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo fíríìjì. Wọ́n á kọ́kọ́ dá oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìfun rẹ̀ lè ṣófo, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi í sínú àpótí nínú fíríìjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní nǹkan bíi 5°C, wọ́n á sì máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe èyí fún ahun Sahel tàbí fún ahun igbó wa, pípa ló pa á. Òtútù tó ń mú ọ̀kan sùn ń gba ẹ̀mí èkejì. Nítorí náà, orúkọ ẹ̀yà àti ibi tí ẹran ti wá ni ìbéèrè àkọ́kọ́, kí a tó sọ̀rọ̀ iná rárá.

Erè kékeré tí a mẹ́nu bà lókè ló so ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ òtútù òkè òkun jù lọ. Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o lọ, iye tó ti jáde láàyè láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1975 sì ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní Ouidah, ní Benin, erè yìí kan náà jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀. Ilé Dangbé, ojúbọ erè náà, wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, ejò lè jáde lọ wá oúnjẹ lóru, bí ó bá sì wọ ilé ẹnìkan, wọ́n á gbé e padà pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ̀dá tí wọ́n ń gbé báyìí ní etí òkun wa ni ọmọ kan rà nínú ike ní Manchester.

Àpótí tí erè yóò fi la ìgbà òtútù já níbẹ̀ kò ṣòro lóye fún ẹni tó ti mọ ihò. Ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi 31 tàbí 32°C, ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó wà ní nǹkan bíi 25 tàbí 26. Ibi ìfarapamọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ gbígbóná, òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ tútù, kí ó má baà jẹ́ pé láti móoru, àfi kí ejò fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwokòtò omi. Aṣọ tàbí èèpo igi tó rin díẹ̀ nínú ibi ìfarapamọ́ kan, pàápàá nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú pé ó fẹ́ bọ́ awọ, nítorí ẹ̀rọ tí ń mú ilé àwọn òyìnbó móoru ń gbẹ afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ẹ́. Ohunkóhun tó bá ń mú ooru wá, ìbáà ṣe gílóòbù, ìbáà ṣe ẹní oníná, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa pa á bí ooru bá tó. Ejò lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tó ń jó o títí ikùn rẹ̀ yóò fi bó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a fi àwọ̀n bo gílóòbù. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà nílé ìtajà ẹran ọ̀sìn, èmi kò ní fi sínú àpótí ẹran kankan.

Ti ahun àti ti alángbá ní àfikún kan. Wọ́n nílò ìtànṣán oòrùn tí a ń pè ní UVB kí ara wọn lè ṣe fítámì D3, kí egungun lè rí kálísíọ́ọ̀mù lò. Láìsí i, igbá ahun á rọ̀, á sì wọ́. Gbígbé e sí etí fèrèsé kò tó, nítorí gíláàsì ń dí ìtànṣán yẹn. Iná pàtàkì kan ni wọ́n ń rà fún un lókè òkun. Ní Ìfọ́n, ọ̀fẹ́ ni lójú ọ̀run.

Iná mànàmáná ni ibi tí gbogbo ètò yìí ti lè dàrú, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù ńlá bo Texas, iná sì lọ ní ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ahun òkun ni òtútù mú dáku ní etíkun náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá ti South Padre Island, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bẹẹrẹ kí ara wọn lè máa móoru díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Miami ṣe ìkìlọ̀ fún ará ìlú pé iguana lè máa já bọ́ láti orí igi nítorí òtútù, àti pé wọn kò tíì kú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan ilé kọ̀ọ̀kan: ẹran afàyàfà tó le gbagidi ní àárọ̀ òtútù lè wà láàyè. Ẹ má tètè sin ín. Ẹ má sì jù ú sínú omi gbígbóná. Ẹ gbé e síbi tó móoru níwọ̀nba, kí ẹ fún un ní wákàtí púpọ̀.

Bí iná bá lọ, kúlà tí a fi ń gbé omi dídì lọ sóde náà lè di ohun ìgbàlà. Ẹ fi aṣọ wé ẹran náà, ẹ fi í sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé, ẹ má dé e pa. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí iná yóò fi dé. Ohun tí mo ń bẹ yín sí ni pé kí ẹ má gbé iná èédú wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí ọyẹ́. Èéfín tí a kì í rí nínú rẹ̀ ti pa ènìyàn tó pọ̀, yóò sì pa ẹran pẹ̀lú.

Ní àgbègbè Ìfọ́n àti Ìlobùú, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ra ẹ̀rọ kankan fún ahun. Ohun tí ó nílò kò ju igun ọgbà kan lọ níbi tí ògiri amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ti ń gba oòrùn àárọ̀, tí afẹ́fẹ́ ìhà àríwá kò sì ti ń fẹ́ gbá a. Ẹ gbẹ́ kòtò tó tó ahun náà wọ̀, ẹ fi pátákó àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó lórí, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nínú, ẹ sì máa wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá wà, ẹ fi í sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ga kọjá àgbọ̀n rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Á mu, á tọ̀. Ahun Sahel, koríko àti ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ahun igbó wa ń jẹ olú, èso, ìgbín àti ọ̀kùn mọ́ ewé. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹ̀bà kì í ṣe oúnjẹ fún èyíkéyìí nínú wọn, bó ti wù kí ó máa jẹ ẹ́ tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá: lílu etí igbá ahun ní ihò kí a lè fi okùn so ó. Ẹ gbé ahun tí wọ́n ti lu bẹ́ẹ̀, ẹ wo ihò náà dáadáa. Etí rẹ̀ ti ṣú, ìdọ̀tí ti kún un, nígbà mìíràn omi ń ṣe jáde níbi tí okùn ti ń ha á. Egungun tó ń yè ni igbá ahun, ẹ̀jẹ̀ ń sàn nínú rẹ̀, ó sì ń mọ ìrora. Bí ó bá tún wá di òru ọyẹ́, okùn yẹn kò ní jẹ́ kó dé ibi tí ilẹ̀ ti móoru. Ọgbà onípákó tó ga dé orúnkún tó láti dá a dúró.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa sìn wọ́n? Èmi gbà pé ẹran tó ti wà nílé wa ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kí ó lọ mú òmíràn wá láti igbó. Gbogbo ahun orí ilẹ̀ ni àdéhùn CITES ń dáàbò bò nínú òwò àgbáyé, láti ọdún 2000 ni wọ́n sì ti sọ iye ahun Sahel tí a lè mú nínú igbó tà sókè òkun di òdo. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀ láti 1985. Bí ẹ bá rí ahun igbó lójú ọ̀nà oko, ẹ gbé e kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tó dorí kọ, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Èyí tó bá sì jẹ́ ti Sahel, tí wọ́n rà wá láti òkè Ọya, ẹ má tú u sílẹ̀ sínú igbó etí odò Erinlẹ̀ nítorí pé owó oúnjẹ rẹ̀ ti sú yín. Ọ̀rinrin igbó yẹn pọ̀ jù fún un, ahun náà sì lè kó àrùn bá àwọn tó bá níbẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn tó ní ọgbà gbígbẹ tó sì fẹ́ sìn ín, tàbí kí ẹ kàn sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.